Ìkànnì Ṣọ́ọ̀bù Agbádá Mi ní Adjamé

Agbádá ni mo ń rán ní Adjamé, àdúgbò ọjà ní Abidjan, èmi obìnrin. Bàbá mi, tó bá òwò aṣọ dé Abidjan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ fún mi. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti ọrùn àti àyà, èmi fúnra mi ni mo fi ojú àti ọwọ́ kọ́ ọ, títí tó fi di pé bí ọkùnrin kan bá wọ aṣọ mi kọjá láàárín ọjà, ẹni tó mọ aṣọ á ti mọ ilé tó ti jáde. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi dára, n kò sì fi pamọ́.

Láwọn ọdún tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ní Côte d'Ivoire, obìnrin kan tó ń gbé ní Paris wá ra agbádá fún ọkọ rẹ̀. Bó ṣe ń jáde lọ, ó bi mí bóyá mo ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní, “Ó ń bọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu mi jáde tán ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ṣe é.

Wọ́n júwe ọmọbìnrin kan fún mi ní Williamsville, àdúgbò tó wà nítòsí wa. Kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Ó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni, bó bá sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, á gbé e lọ sí cyber, ilé tí wọ́n ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí òun sí. Bí mo bá sọ Yorùbá, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, Faransé ni yóò sì fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pè mí ní Tantie, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí, ó bi mí pé, “Tantie, kí ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè?”

“Ìgbà tí aṣọ máa yá.”

“Kì í ṣe iye rẹ̀?”

“Ọjọ́ ìgbéyàwó ló ń lé wọn. Ẹni tó bá ti fojú kan iṣẹ́ mi ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn wù mí, nítorí èmi náà kì í gé aṣọ kí n tó béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.

Nígbà tó fi ohun tó kọ́kọ́ ṣe hàn mí, orin ń dún, ìràwọ̀ ń já bọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun sì dúró láàárín wọn.

Mo bi í pé, “Ta ló rán èyí?”

“Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, Tantie. C'est juste pour montrer.” Ó ní àpẹẹrẹ lásán ni.

“Bí ẹnì kan bá ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n ní kó lọ bá ẹni tó rán an ni? Yọ ọ́. Aṣọ tí n kò rán kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.”

Ó fajú ro. Ó ní a kò ní àwòrán tiwa, ṣọ́ọ̀bù mi sì ṣókùnkùn jù. Òótọ́ ló sọ. Mo ní ká lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Bó ṣe di ọjọ́ Sunday, a gba Port-Bouët lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọkùnrin gíga ni. A wọ agbádá aláró fún un, a mú un lọ sétí òkun. Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ló le gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀. Àfi bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ wá lójijì tó gbé apá agbádá méjèèjì sókè! Ẹ̀gbọ́n mi ké, ó fọwọ́ di aṣọ mú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọbìnrin náà ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀ wá wòran. Bàbá kan nínú wọn fi ìka tọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn náà wò, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí mi. Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ṣí fìlà fún mi.

Ṣùgbọ́n àwòrán náà wúwo jù fún íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní cyber, díẹ̀díẹ̀ ló ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń tú aṣọ ká. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ di kékeré, gbogbo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ bá di àbàwọ́n.

Ó ní, “Tantie, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é!”

Mo ní, “Ẹni tí kò rí abẹ́rẹ́ kò ní rà!”

Ó tún kọjú sí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ó to àwọn àwòrán náà ní kéékèèké, ó sì ṣe é kó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ ọ̀kan, ńlá rẹ̀ á ṣí fún un. Mo ní, “O ti rí i báyìí.”

Lẹ́yìn ojú ìwé Faransé, mo ní mo fẹ́ ti Yorùbá, nítorí àwọn èèyàn wa tó wà káàkiri etí òkun, láti Cotonou dé Libreville. Ó wolẹ̀.

“Tantie, je comprends, mais…” Ó ní òun ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n… Ó wá yí i sí Yorùbá: “Mi ò lè kọ ọ́.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó fa àga sún mọ́ mi. Mo ń pè é, ó ń tẹ̀ ẹ́. Àfi bí gbogbo lẹ́tà tó ní àmì ṣe di àpótí kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà! Ó ní ká yọ àwọn àmì náà kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

“Wọ́n á mọ̀! Aṣọ ọkọ ìyàwó ni mo ń rán. Bí àmì bá bọ́ lára rẹ̀, aṣọ oko ni wọ́n máa kà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó padà dé, ó ti wá irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà tó ń gba àmì, gbogbo àmì sì dúró sí àyè wọn. Ó ní bàbá òun ló jókòó ti òun nílé, tó ń bá òun wò ó bó ṣe tọ́. Láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó ka ojú ìwé náà sókè fún mi. Níbi tó ti kọsẹ̀, mo tún un ṣe, ó ń bá a lọ.

Kò pẹ́ tí ìkànnì náà jáde ni obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Libreville. Ó ní òun ka ojú ìwé Yorùbá fún bàbá òun, bàbá náà sì ní agbádá etí òkun yẹn lòun fẹ́. Mo rán an, ẹ̀gbọ́n mi rí arìnrìn-àjò kan ní pápákọ̀ òfuurufú tó bá wa gbé e lọ, wọ́n sì fi fọ́tò bàbá náà ránṣẹ́, ó jókòó sínú agbádá mi bí ọba.

Àwọn oníṣòwò tó yí mi ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó bá mi ṣe é, mo sì ń darí wọn sí Williamsville. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin náà gba yàrá kékeré kan fún iṣẹ́. Èmi ni mo rán kọ́tìnì ojú fèrèsé rẹ̀, mo sì fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ìṣẹ́tí rẹ̀.