Akọ̀wé Tí Kò Gbọdọ̀ Kùn

Ní ẹgbẹ́ tí obìnrin akọ̀wé kan ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í dìbò. Ẹgbẹ́ náà kò wá èrè. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kọ àwọn òfin tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn yé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi àwọn òfin náà lé aráyé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wá jókòó, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ka iye àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kíkùn ni wọ́n ń kùn. Alága á ní, "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó kùn," àwọn àgbà ẹnjiníà á pa ẹnu dé, wọ́n á máa kùn bí oyin. Ìhà tí ariwo rẹ̀ bá ga jù ló borí.

Etí alága kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Àgbà ti dé. Akọ̀wé ni etí rẹ̀. Kí obìnrin yìí tó débẹ̀, ọdún mẹ́tàlá ló fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀ ní kóòtù, ó lè mọ ẹni tó húkọ́ láìgbójú sókè. Màmá Elétí ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ti jáwọ́ nínú sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù. Òfin kan ló de ìjókòó rẹ̀: akọ̀wé kì í kùn, kì í sì í sọ tẹnu rẹ̀. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, ó kúrò nídìí tábìlì náà nìyẹn, kò ní padà síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti pa òfin yìí mọ́, torí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí ní ìlú kékeré kan. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

"Àbúrò mi, wọ́n ní ẹ fẹ́ pa fóònù àtijọ́ tì. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló wà nílẹ̀ lónìí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Háà! Mẹ́ta la ní níbí, arúgbó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú wọn la ti ń ka ìwé ìṣègùn ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Níjọ́sí tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára ìyàwó kápẹ́ńtà, ojú ìwé yẹn ni mo wò tí mo fi mọ iye oògùn tí mo máa fún un. Bẹ́ ẹ bá tì í, kí ni kí n máa wò? Àjà ilé?"

Àbúrò gbé àpò rẹ̀, ó gba ibi ìpàdé lọ.

Ẹnjiníà tó gbé àbá náà wá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní àwọn olè ti mọ bí wọ́n ṣe ń já àgádágodo inú fóònù àtijọ́, nítorí náà kí ìkànnì kankan má dá irú fóònù bẹ́ẹ̀ lóhùn mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ó là á yé wọn dáadáa, ìyẹn gan-an ló ba akọ̀wé lẹ́rù.

Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn kùn. Wọ́n kùn. Ó ní kí àwọn tó lòdì sí i kùn. Àwọn náà kùn. Alága yíjú sí Màmá Elétí. Ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì kò ju bíńtín lọ, òun nìkan ló sì lè mọ̀ ọ́n.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Irọ́ ẹyọ kan péré, pé ìhà tó lòdì ló ga jù, ni yóò yanjú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síbi ọ̀rọ̀ wà: ogún ọdún kì í ṣe kékeré. Ọmọ mélòó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti gbẹ̀bí wọn kí òótọ́ tó dé? Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í nítorí ohun tó ń rò.

"Ohùn àwọn tó fara mọ́ ọn ló ga jù, sà," ló wí.

Kí alága tó lè pa ọ̀rọ̀ dé, akọ̀wé ti dìde. Ó yí tábìlì po, ó lọ dúró nídìí maíkì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta.

"Màmá, ẹ rántí òfin o!" ni ẹnìkan kígbe.

Ó rántí. Ó rántí òfin ẹgbẹ́ mìíràn pẹ̀lú: bí ẹnì kan ṣoṣo bá mú ìdí kan wá tí ẹnikẹ́ni kò rí èsì fún, ọ̀rọ̀ kò tíì tán, bó ti wù kí ohùn ìhà kejì ga tó.

"Àwọn agbẹ̀bí kan wà tí fóònù àtijọ́ nìkan ni wọ́n ní," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Wọn kì í fi wọ báǹkì. Ìwé ni wọ́n ń fi kà. Kí lolè fẹ́ jí nínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ẹnjiníà dìde. "Ó lè yí ohun tó wà nínú ìwé náà padà, mà."

"Ó lè yí i padà lóòótọ́. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá tilẹ̀kùn, wọn ò ní rí nǹkan kan kà rárá. Kí lẹ máa fún wọn dípò rẹ̀?"

Ẹnjiníà ní, "Mi ò tíì ní ohun tí mo lè fi dípò rẹ̀, mà."

Alága fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Ṣé ó ti wà lákọsílẹ̀?" Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí lákọsílẹ̀, ẹgbẹ́ kò gbọ́ ọ nìyẹn. Gbogbo ojú yí sí àga òfìfo. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

Ẹnjiníà ló rìn lọ síbẹ̀. Ó jókòó, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀."

Ìka méjì péré ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì dun obìnrin náà wọra láti rí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ó tún un sọ, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, ó ń dúró kí ọkùnrin náà kọ ọ́ tán kó tó bọ́ sí òmíràn.