Wáyà Bàbà Tí Mo Hun fún Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ohun tí n kò fi ṣe ẹ̀rín rí láyé mi kò pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú ọkọ mi, nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà tútù rẹ̀ kò bá a gbélé rí. Ọ̀rọ̀ wáyà yìí nìkan ni mo ti ń wá ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, tí n kò tíì rí i. Bóyá bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, màá rí i. Á-bí-dí tí mo mọ̀ kò pọ̀, ọjọ́ ogbó ni mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò fìgbà kankan kéré.

Ìyá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin kọjá lẹ́bàá Ìwó, ó wà lára àwọn tó ń gbé irin. Irin kan yẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹ́fà, ẹsẹ̀ òun nìkan ló sì yàn láàyò. Ẹsẹ̀ náà jinná, àmọ́ ó jinná sódì. Láti ìgbà náà, bó bá gorí ebè, á ṣubú. Bó bá ru ẹrù, á wó lulẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè roko ní ilé wa, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Oúnjẹ tó ń jẹ, ojú ni wọ́n fi ń bá a jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní Ilé-Ogbó, ìkíni náà sì gba ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí mọ́tò akẹ́rù dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá kan tó ń ra ẹ̀kùrọ́ ní Ìbàdàn wá ẹni tí yóò máa bá òun kó o láti Kuta àti Ilé-Ogbó wá sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ awakọ̀ kan, ó sì gba iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ tí kò lè gun ebè mọ́ lè tẹ irin ọkọ̀. Bó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó ń tiro. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ wá ń sáré kí i lójú pópó. Ìyàwó rẹ̀ náà sì rántí ọ̀nà ilé.

Àmọ́ ọkọ̀ náà ní ọ̀fun. Garawa epo kan tó yẹ kó gbé e lọ sí Kuta kó sì gbé e bọ̀ nígbà mẹ́ta, agbára káká ló fi ń ṣe é nígbà kan àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín dúdú ń bọ́ nídìí rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń rùn. Bí wọ́n bá fẹ́ jí i láàárọ̀, wọ́n á fi irin yí i níwájú títí apá wọn á fi fẹ́ já.

Èmi ń ta wóróbo nígbà náà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, tìróò, àti okùn bàbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Obìnrin oníyọ̀ kan la jọ wà lójúkojú. Bí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń kọjá, á ké sí mi:

"Oníwóróbo! Ṣé ẹ ti fún ọkọ̀ yín ní iyọ̀ jẹ ni? Òùngbẹ yìí mà pọ̀ o!"

"Iyọ̀ tìrẹ ló jẹ," ni màá dá a lóhùn. "Iyanrìn inú rẹ̀ ló há a lọ́fun."

Ẹ̀rín ni a ń rín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rín in, nítorí pé olówó ọkọ̀ ti wá láti Ìbàdàn, ó sì ti bá a sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń mu epo yìí," bàbá náà ní, "yálà ìwọ tàbí ọkọ̀. Mo ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Màá jókòó tì ọ́ lọ sí Kuta, màá sì bá ọ bọ̀. Bí nǹkan bá rí bó ṣe rí yìí, fi ọkọ̀ mi sílẹ̀, màá wá ẹlòmíràn."

Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lólè láì pè é bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ bí ẹni tó ń bá abọ́ jà. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá lọ, òun náà á lọ.

Mẹkáníìkì kan wà ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹni tó ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́ pẹ́, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú un wá. Kò fọwọ́ kan ibi tí epo ń gbà rárá. Inú ọkọ̀ ló kó sí, ó fa wáyà kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàtìrì, wáyà náà sì já sí i lọ́wọ́. Ó ti di aláwọ̀ ewé, ó rí jákujàku bí irun arúgbó.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Agbára tó bá jáde nínú báàtìrì gbọ́dọ̀ padà wálé. Ara irin ọkọ̀ yìí ni ọ̀nà tó ń gbà padà, wáyà yìí ló sì so ara irin mọ́ báàtìrì. Ọ̀nà àtipadà ti dí. Iná tó yẹ kó ṣá sí epo kò wá lágbára. Ìdajì epo yín ló ń jó, ìdajì tó kù ń gba ẹ̀yìn jáde bó ṣe wọlé."

"Ọkọ mi gan-an ni," mo ní. "Jíjáde kì í ṣòro fún un, àtipadà wálé ni."

Mẹkáníìkì náà gan-an rẹ́rìn-ín, ihò eyín rẹ̀ sì hàn.

Ó ní wáyà bàbà tó nípọn ni òun nílò, mẹ́ta: ọ̀kan láti báàtìrì sí egungun ọkọ̀, ọ̀kan láti ẹ́ńjìnì sí egungun ọkọ̀, ọ̀kan fún àtùpà iwájú. Kò sí irú rẹ̀ ní Ìwó. Mo ní kí ló dé tí kò sí? Okùn bàbà wà ní ìsọ̀ mi. Ó ní tèmi tín-ínrín jù. Mo ní ẹ jẹ́ kí n hun ún.

Mo jókòó sílẹ̀, mo fi orí okùn náà kọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún bí ẹni di irun ọmọge, mẹ́ta mẹ́ta, mo tún kó àwọn mẹ́ta náà hun pọ̀. Bàbà gé mi níka. Alágbẹ̀dẹ bá wa lu ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì lu ú níhò. Mẹkáníìkì wá fi ọ̀bẹ ha ara irin ọkọ̀ níbi tí wáyà yóò jókòó sí, ó ha á títí tó fi ń dán bí owó tuntun.

"Irin sí irin ni o," ló wí. "Ìdọ̀tí kankan kò gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn."

Mo gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé n kò gbọ́. Èmi ni mo tilẹ̀ bá a fún bóòtù, irin tó de wáyà mọ́ ara ọkọ̀, le.

Nígbà tí wọ́n yí irin iwájú lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ jí. Gbogbo wa sún sẹ́yìn bí ẹni tí òkú bá sọ̀rọ̀. Èéfín dúdú dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi bu epo garawa kan sí i, ó lọ sí Kuta, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó bọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi igi wọn inú epo nígbà tó dé, ẹnu igi sì ṣì tutù fún epo. Ó na igi náà sí mi nímú kí n gbóòórùn epo tó kù.

"Àbúrò mi," ó ní, "ọwọ́ rẹ yìí, ṣé kì í ṣe irun nìkan ló mọ̀ ọ́n hun?"

N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí irin ti wó lù ú lẹ́sẹ̀.

Ìyẹn ni ì bá tó. Ẹ gbọ́ ibi tí mo gbà kó sínú ọ̀ràn.

Ní ilé wa, bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin kì í sinmi. A ó po ilẹ̀ pupa, a ó fi kun ògiri. A ó fi bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ yàrá. Obìnrin tí àlejò bá bá ògiri rẹ̀ ní àkunkù, orúkọ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu ìyàwó ilé. Bí mo ṣe ń kun ògiri, ni mo wo ọkọ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ó dà bí ajá tí irun rẹ̀ ti re. Olówó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta ọdún. Mo ní ṣé bí àlejò yóò ṣe bá a nìyí? Mo ra ọ̀dà aláwọ̀ aró agolo kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ní òwúrọ̀ ọdún, tí àwọn ọkùnrin lọ sí yídì, èmi àti àwọn obìnrin ilé jókòó ti ọkọ̀. A kùn ún láti orí dé ìdí.

N kì í ṣe iṣẹ́ àbòsí. Ẹni tó bá ń kun ògiri, ó yẹ kó gbé ẹní kúrò kó kun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Mo tú bóòtù àwọn wáyà mi. Mo kun abẹ́ wọn, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ibi tí mẹkáníìkì ha yẹn hàn bí egbò. Nígbà tó gbẹ, mo dá wáyà padà, mo sì fún bóòtù le ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ìdọ̀tí ni ọkùnrin yẹn ní kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ta ló ń pe ọ̀dà ọdún ní ìdọ̀tí?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti yídì dé, ó dúró lójú kan. Ó fọwọ́ pa ọkọ̀ náà, ó ní, "Ìyàwó ojú ọ̀nà!" Ó fún wa ní apá àgbò. Kò sì wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejì, nítorí ọdún ni.

Lọ́jọ́ kẹta, olówó ọkọ̀ dé. Ó yí ọkọ̀ po, inú rẹ̀ dùn. "Ó mà dára o," ló wí, ó sì gòkè jókòó. Wọ́n yí irin iwájú. Ọkọ̀ wúkọ́. Wọ́n yí i, wọ́n yí i, ó jí, ó ń gbọ̀n, èéfín dúdú padà dé. Wọn ò tíì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Kuta tó fi kú. Gbogbo wa sáré lọ bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo epo, ó wo omi, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wo wáyà yẹn bí?"

"Wáyà?" ó dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀. "Ọwọ́ rẹ ló hun ún. Ṣé ìyẹn ló máa bàjẹ́?"

Ó wù mí láti gbà á gbọ́. Mẹkáníìkì ti lọ sílùú rẹ̀ fún ọdún. Olówó ọkọ̀ jókòó lórí òkúta, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni wo ẹni tó ń jalè lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn yí, ó ránṣẹ́ sí ọkọ̀ mìíràn, wọ́n so tiwa mọ́ ọn, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Mo rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó tiro. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹkáníìkì wọ ilé wa.

"Wọ́n fi ọ̀bẹ ha ọkọ̀ yín ní Ìbàdàn, ó jí lójú ẹsẹ̀," ó ní. "Òkò ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ lù mí. Ta ló kun abẹ́ wáyà? Ọ̀dà ò fẹ́ràn kí agbára kọjá. Bí ẹni ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ baálé ni."

Ẹ̀gbọ́n mi kò wojú mi. Ìka mi ló wò. Ọ̀dà aláwọ̀ aró ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

"Ọ̀dà náà dára lójú," ó ní, ó dìde, ó wọlé.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀ níwájú olówó ọkọ̀, mo ní, "Bàbá, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, irú èyí tí èmi náà máa ń rín.

"Tóò, mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe olè," ó ní. "Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí obìnrin lè tú ọkọ̀ rẹ̀ kó tò ó padà, tí kò mọ̀, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Dìde, ọmọ mi. Mo ti gba ẹlòmíràn."

Èmi tí mo lọ tún un ṣe, mo ti ilẹ̀kùn náà pa.

Ìyàwó lọ kí ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè jókòó sí Ìwó kí àwọn ènìyàn máa kí òun lójú àánú. Ó lọ sí oko bàbá wa ní Kuta, ó ní òun á máa ṣọ́ ọ. Kò sí ohun tó ń ṣọ́. Abà rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo máa ń gbé èlùbọ́ lọ fún un ní ọjọ́ ọjà. N kò kun ògiri mọ́ nígbà ọdún. Oníyọ̀ ní mo ti ya ọ̀lẹ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, a jókòó lẹ́nu abà. Ìró ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn ń tẹ ilẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń jù ú sílẹ̀, bí ẹni pé irin wà níbẹ̀. Ọkọ̀ aláwọ̀ aró náà kọjá, ó gun òkè láì wúkọ́, kò sí èéfín kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Gbọ́ ọ," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Wáyà rẹ nìyẹn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Mo la ẹnu láti fi ṣe ẹ̀rín. Kò sí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀.