Ìyá Ìyàwó Gbá Ọgbà Mẹkáníìkì

Ẹni tó bá rí mẹkáníìkì àdúgbò wa lábẹ́ ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ata ló gbà á lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀dá ti jẹ ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ run. Nígbà tó tún fẹ́ gbìn, ìyàwó rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un: "Bí eléyìí náà bá kú, sìmẹ́ńtì ni mo máa dà síbẹ̀, kí n ríbi sáṣọ sí."

Ọkùnrin náà wá rántí igbó kan tó ti lọ tún ọkọ̀ agégi ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń bomi rin igbó, síbẹ̀ kì í rọ. Igi gíga ń ṣíji bo kékeré, ewé gbígbẹ sì bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ mu. Ló bá gbin ìbẹ́pẹ, ó gbin ata sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí ànàmọ́ máa fà nílẹ̀, ó sì da ewé gbígbẹ bo gbogbo rẹ̀. Àwa aládùúgbò ní ejò ló fẹ́ máa sìn. Ata ò dá wa lóhùn, ó ń so ní tiẹ̀.

Àfi ìgbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn. Màmá yìí ò fẹ́ràn ìdọ̀tí rárá. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbá gbogbo ewé náà, ó ti dáná sun ún, ilẹ̀ ń dán bí àwo.

Ara mẹkáníìkì bù máṣọ. Ta ló tó bá àna rẹ̀ jà? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó wọlé, ó fi ìrọ̀rí bojú. Inú bí i, ẹ má jẹ́ ká parọ́.

Oòrùn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ata ti dorí kodò, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń fojú wọn ilẹ̀. Màmá ṣàkíyèsí pé ọkọ ọmọ òun ò jẹun.

"Kí ló ń ṣe ọkọ ẹ?"

"Màámi, ewé tẹ́ ẹ sun yẹn ni kì í jẹ́ kílẹ̀ gbẹ."

"Yéè! Ṣé èmi ni mo wá pa oko ọmọ mi? Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ta ló tó sọ ọ́ fún yín?"

Màmá gbé àpò, ó ń ti ojúlé dé ojúlé tọrọ ewé tí wọ́n gbá jọ. Ta ló máa fi pàǹtí du ìyá arúgbó? Àwa tá a fi ọgbà náà ṣe yẹ̀yẹ́ la ru àpò tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti bo ilẹ̀ náà padà, mẹkáníìkì sì ti bomi rin ín.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ò jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde. Ó fọwọ́ kan ata náà, ó wá pè é.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi mú abọ́ kan wá. Ata yìí ti gbórí sókè, mi ò lọ sọ́jà mọ́."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ìyàwó rẹ̀ fi wá mú abọ́ náà fúnra rẹ̀.