Ìbọ̀wọ́ Pupa Orí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Nígbà tí Orville Skogmo wọ ọ́fíìsì ìjọ Luther ti Ringvold lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àárẹ̀ ti mú un débi pé bàtà rẹ̀ gan-an ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òtútù Minnesota lọ́dún 1985 le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣépè fún ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, èpè á dì lẹ́nu onítọ̀hún, á já bọ́, á sì fọ́ sójú títì. Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè é nítorí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Orville ti ń tún ẹ̀rọ tàípù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Delmar Voss. Ẹ̀rọ tàípù kì í purọ́. O tẹ A, A á gbá ìwé lójú rẹ; bó bá kọ̀, wàá rí irin tó wọ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni Delmar gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ tàípù, ó kó àpótí díìsì lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ máa wo àwọn ẹ̀rọ tí àìsàn wọn kì í hàn síta. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Ti Ringvold yìí wá burú ju gbogbo wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà ìjọ, ó ń pè é ní alágbàpamọ́. Iṣẹ́ alágbàpamọ́ ni pé kó gba ohun tí akọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ jáde, kó tọ́jú rẹ̀ sínú ikùn kọ̀ǹpútà, kó máa bù ú fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé díẹ̀díẹ̀ bí ìyá tó ń fi ẹ̀kọ bọ́ ọmọ, kí akọ̀wé lè ráyè máa ṣe nǹkan mìíràn. Ohun tó dáa ni. Àfi pé kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà tó máa sọ fún ọ pé oúnjẹ ṣì kù ní ìkòkò.

Ardis Fremstad, opó tó ti ń ṣe akọ̀wé ìjọ kí Pásítọ̀ Nygaard tó gba oyè, ló ń tẹ ìwé oúnjẹ sísè àwọn obìnrin ìjọ. Pásítọ̀ náà a máa lo kọ̀ǹpútà yìí kan náà fún ìwàásù. Ṣàdédé ni ìwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ àárín ọbẹ̀, tí ọbẹ̀ sì ń dà sínú ìwàásù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Pásítọ̀ ń kà á lọ lórí àga ìwàásù, kò fura, ó ní: "Jésù sì wí fún wọn pé, ẹ rẹ ẹja náà sínú omi eérú, kí ẹ sì da bọ́tà lé e." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín; wọn kì í rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Àwọn àga nìkan ló ń gbọ̀n. Wọ́n ní bàbá àgbà kan lẹ́yìn pátápátá tiẹ̀ fi bírò kọ ọ́ sínú Bíbélì rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìjọ kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ó yàtọ̀." Ní Ringvold, èébú kan kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ó jọ pé Ardis ti dàgbà, ó ń da díìsì pọ̀ mọ́ra, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n akápò ìjọ sì ń wáṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ṣèpàdé. Bí Orville kò bá rí àìsàn ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó jókòó, iṣẹ́ Ardis bọ́ nìyẹn.

Ardis wò ó láti òkè délẹ̀. "Orville, ojú rẹ dà bí ohun tí ẹ̀rọ yìí tẹ̀ jáde."

"Ìwọ lo rí i. Mo ti yẹra fún dígí."

Ó yọ okùn ẹ̀rọ, ó fi òmíràn sí i. Ó pa alágbàpamọ́ rẹ́, ó tún fi tuntun síbẹ̀. Ó tẹ ìwé oúnjẹ, ó jáde geere. Ó tẹ ìwàásù, òun náà jáde geere. Kò sí ohun tó ń dun oníṣègùn tó aláìsàn tó dìde nílẹ̀, tó ń jó lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, Orville bu kọfí, ó jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná. Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé e jókòó, àárẹ̀ ni.

Ardis padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Fóònù dún. Ardis na ìka, ó tẹ bọ́tìnnì tó wà níwájú ẹ̀rọ náà, ariwo dá, kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, àwọn obìnrin pè é láti ilé ìdáná nísàlẹ̀, ó sáré lọ láìtún bọ́tìnnì náà tẹ̀.

Pásítọ̀ yọ́ wọlé, ó tẹrí ba fún ilẹ̀kùn nítorí ó ga bí òpó iná. Ó ní kí Orville jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀, òun kò ní pẹ́. Òun máa ń dúró kí ẹ̀rọ sinmi kí òun tó lò ó, kí òun má bàa dí Ardis lọ́wọ́. Ó ki díìsì tirẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Ètò tí àbúrò rẹ̀ fún un ló fi ń kọ̀wé, ètò yẹn kò sì mọ alágbàpamọ́ rí. Ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń lọ tààrà. Ó tẹ bọ́tìnnì tí Ardis fi dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ figbe ta. Ohun tí Ardis fi sílẹ̀ nínú ikùn kọ̀ǹpútà tú jáde, tirẹ̀ náà tú jáde, ẹnu kan ṣoṣo sì ni àwọn méjèèjì ń gbà.

*Ìfẹ́ Ọlọ́run ga, ó jìn, ó sì gbòòrò, ife ìyẹ̀fun méjì.*

Orville di ojú rẹ̀. Nígbà tó là á, Pásítọ̀ ṣì ń wo ìwé náà, etí rẹ̀ ti pọ́n.

"Ó yàtọ̀," ni Pásítọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ.

Orville bá Ardis lórí àtẹ̀gùn. "O ti mọ̀ tipẹ́."

"Mo fura."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Fún ta? Kí n wá kojú Pásítọ̀, kí n ní òun ni? Orville, ṣé Wisconsin lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tọ́ ọ ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ gbogbo nǹkan síta?"

Orville mọ̀ pé tinútinú ló fi sọ ọ́. Ardis á kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé kó tó la ẹnu.

Ìgbìmọ̀ wọlé pẹ̀lú yìnyín léjìká, wọ́n bu kọfí, wọ́n béèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Pásítọ̀ la ẹnu, ó pa á dé, ó tún la á, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lábẹ́ omi dídì. Orville wo Pásítọ̀, ó wo Ardis. Bó bá dárúkọ Pásítọ̀, báwo ni Ardis á ṣe máa jókòó tì í lọ́la? Bó bá sì dákẹ́, ibo ni Ardis á jókòó sí?

"Ẹ̀bi tèmi ni," ó ní. "Mo fi ohun tó ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́ sínú ẹ̀rọ, n kò fi àmì kankan síta. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Kò tiẹ̀ purọ́. Ó fa ìbọ̀wọ́ pupa tó wà lápò rẹ̀ yọ, ó fi ọ̀kan lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní bí Ardis bá ti rán iṣẹ́ kan lọ, kó gbé ìbọ̀wọ́ yẹn síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, nǹkan ṣì ń dúró nínú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ dákẹ́ bí òkú.

Akápò gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè. "Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀nà ilé ṣì jìn. Ọwọ́ kan á nílò rẹ̀."

"Kò burú," ni akápò wí, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ardis bu kọfí kún ife Orville láìbéèrè.

Nígbà tí Orville jáde, ó bá Pásítọ̀ níta tí kò wọ kóòtù, tó ń ha yìnyín kúrò lójú dígí ọkọ̀ Orville. Ó ti ha ti iwájú, ó ti ha ti ẹ̀yìn, ó ń ha iná ọkọ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ ha á débi ọ̀dà. Ó gbé àwo oúnjẹ gbígbóná kan tí wọ́n fi tówẹ̀lì dì lé Orville lọ́wọ́.

"Ọ̀nà ń yọ̀," ó ní. "Ẹ rọra wakọ̀, Orville."

Orville ní òun á rọra.

Delmar gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní òṣìṣẹ́ wo ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi níwájú oníbàárà? Ó gba àpótí díìsì, ó ní kí Orville padà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, sídìí àwọn ẹ̀rọ tàípù tí eruku ti bò, kó wà níbẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi pé.

Orville jókòó, ọwọ́ tí kò ní ìbọ̀wọ́ ṣì ń ta á. Ó tẹ A. A gbá ìwé lójú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ó tún un tẹ̀.