Àdúrà Tósìn lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ rẹ̀

Wọ́n sin ọmọ Tósìn láàárọ̀ yìí, àdúrà ò sì wá sí mi lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi ni Tósìn, aránṣọ ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Oṣù tó kọjá ni mọ́tò pa ọkọ rẹ̀. Àná ni ibà pa ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Mo bi í pé, "Tósìn, ṣé o ṣì gba Ọlọ́run gbọ́?"

Ó ní, "Inú ń bí mi sí I. Ṣùgbọ́n ta ni kí n sunkún lọ bá?"

Ló bá kúnlẹ̀, ó ní, "Jésù, bá mi gbá ọmọ mi mọ́ra. Ó máa ń bẹ̀rù òkùnkùn."

Mi ò lè ṣe àmín.

Ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè sọ fún un?