Ẹni Tó Ń Fa Ayùn Ló Ń Sọ̀rọ̀

Fàákíngbọ́ ni wọ́n ń pe bàbá mi nínú ọgbà pákó. Kì í ṣe orúkọ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Òfin kan tí òun àti àna rẹ̀ ṣe fún ara wọn ló bí i, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òfin náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò tíì mọ bàbá mi.

Ayùn gígùn tó ní ọwọ́ lápá méjèèjì ni wọ́n fi ń gé gẹdú. Bàbá mi á dì í mú níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n ìyá mi á dì í mú lọ́hùn-ún. Àna ni gbogbo ọgbà ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, bí ẹni pé gbogbo wọn ló fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ayùn yẹn kì í gba agídí. Bí ẹnì kan bá ń fà, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dẹwọ́ fún un. Bó bá fi ìbínú tì í, irin á ká, á há sínú igi, wọn á wá fi odindi ọ̀sán máa yọ ọ́.

Nígbà ogun abẹ́lé, bàbá mi gbé ìbọn fún ìhà ibí odò, Àna gbé tiẹ̀ fún ìhà ọ̀hún. Ogun parí, bàbá mi sọdá odò lọ fẹ́ ìyàwó, ó sì tún kó ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tó fa ogun. Níbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, ọ̀kan nínú wọn á ti ayùn dípò kó dẹwọ́. Ìgbà tí wọ́n ba ayùn kan jẹ́ pátápátá ni wọ́n tó fẹnu kò: ẹni tó ń fà nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Bí fífà rẹ bá ti parí, panu mọ́, dẹwọ́, kí o gbọ́ tẹnì kejì.

Bàbá mi á fà: "Ìkànìyàn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ ka òkú mọ́ alààyè!"

Àna á fà: "Ẹ̀yin náà ò ka ewúrẹ́ mọ́ èèyàn?"

"Àwọn ọ̀gá ológun ni. Gbogbo wọn fẹ́ jókòó sórí àga ẹnì kan."

"Wọ́n ń pa èèyàn wa nígboro yín, ẹ wọlé, ẹ tilẹ̀kùn. Ibẹ̀ logun ti bẹ̀rẹ̀, Àna mi, kì í ṣe lórí àga."

Bí Àna bá ń ro èsì rẹ̀ pẹ́ jù, bàbá mi á pariwo pé, "Fà á kí n gbọ́!" Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ fún un. Èmi ò gba ti ẹnì kankan nínú wọn. Ká sòótọ́, ó máa ń sú mi. Ṣùgbọ́n igi ń já, a sì ń jẹun.

Ìyá mi kì í dá sí i. Ogun yẹn ti pa méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àna nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Á gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, á gbé abọ́ kalẹ̀, á pẹ̀yìn dà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àfi nǹkan kan: kì í ní kí èèyàn dúró jẹun. Ìyá ẹlòmíì á fẹ́rẹ̀ẹ́ so àlejò mọ́ àga kó lè tọ́ ọbẹ̀ wò. Ní ti ìyá mi, bí o bá ní o ń lọ tí ìkòkò ṣì wà lórí iná, á ní, "Máa lọ, wàá bá a níbẹ̀ tó o bá dé." Bí o bá jáfara, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tì ọ́ síta. Àwa ọmọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ránṣẹ́. A dúpẹ́, a yọ̀. Bàbá mi gbé ayùn àtijọ́ kọ́ sábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ní í di ayùn ẹlẹ́ńjìnnì mú, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, iṣẹ́ ti tán. Àwọn àgbà méjì á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ dilẹ̀, ẹnu ò dilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fà mọ́, kò sí ẹni tó ń dẹwọ́. Wọ́n wá ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àna ní, "Ká tó gbé ìbọn rárá ni wọ́n ti pa àwọn àbúrò mi nínú ilé wa. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ ni o, wọn ò—"

Bàbá mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Àfọwọ́fà ni! Wọ́n ní kí gbogbo yín kúrò lábúlé yẹn, kí ló ní kí wọ́n dúró?"

Ìyá mi wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Abọ́ ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ. Inú bí mi sí bàbá mi lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àna dìde. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí, ẹni tí kò pe bàbá mi ní "ìwọ" rí. "Lọ́la ni mo ń sọdá odò padà. Ẹ ò ní rí mi mọ́."

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi wá bá bàbá mi. Kò pariwo. Ó ní, "Baba ọmọ mi, ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún mi. Bó bá fi ìbínú sọdá odò yẹn, kò ní wá sìnkú mi pàápàá."

Bàbá mi wò mí. "Ìwọ, lọ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ ni? Ẹ lọ fúnra yín."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ ayùn àtijọ́ lábẹ́ òrùlé, ó gbé e lé èjìká, mo tẹ̀ lé e. Igi kan tí ìjì wó ti pẹ́ nílẹ̀ níwájú ilé tí Àna háyà, onílé ò yéé ráhùn lórí ẹ̀. Ẹrù Àna ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi okùn dì í. Bàbá mi kí i, Àna ń so okùn rẹ̀ lọ. Bàbá mi bá gbé ayùn lé igi, ó di ọwọ́ kan mú, ó ń dá nìkan gé e. Ayùn ń gbọ̀n, ó ń ká, ó ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Àna mú un mọ́ra títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ máa ba ayùn yẹn jẹ́ o!" Ó wá di ọwọ́ kejì mú.

Wọ́n fà á títí. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi fà, ó ní, "Kò sí àfọwọ́fà kankan nínú ikú wọn." Ó tún fà: "Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Ẹ forí jì mí."

Àna fà á padà.

Ìgbà náà la rí ìyá mi. Ó ti di oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa jẹ lọ́nà, ó gbé e dání. Bàbá mi wò ó, ó sì ṣe ohun tí mi ò rò pé ó lè ṣe láyé: ó fi ọwọ́ ayùn sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, ó kàn ọ́. Àwa ti sọ tiwa tipẹ́."

"Èmi ò mọ ayùn fà."

"Ṣáà dì í mú. Wọn á dẹwọ́ fún ọ."

Ìyá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó dì í mú, ó fà. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí." Àna fà á padà. Ìyá mi tún fà. "Wọ́n ti di ẹrù wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń sá lọ." Ó fà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ìkòkò mi wà lórí iná. Mo ní kí wọ́n dúró jẹun."

Ayùn dúró. Mo rántí gbogbo yẹ̀yẹ́ tí a fi í ṣe, ojú tì mí, omi sì dà lójú mi. Bàbá mi bojú wolẹ̀.

Àna ló kàn. Ó rọra fà á, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun igi. Ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ tó ń dáná kọ́ ló fa ogun."

Ìyá mi fi ayùn sílẹ̀. Ó nu ojú, ó tú oúnjẹ tó dì, ó gbé e sórí igi níbi tí wọn kò tíì gé dé. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ẹrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùrọ̀dá," ló wí, "ẹ dúró jẹun."

Àna jókòó.