Ẹ̀yìn Ẹni Tó Ń Já Bọ́ Lórí Ẹṣin

"Èmi nìyẹn!" Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe máa ń pariwo nìyẹn nígbàkigbà tí a bá ń wo fíìmù káúbọ́ì àtijọ́ nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Wọ́n ní jíjá bọ́ lórí ẹṣin ni iṣẹ́ àwọn ní Họ́líwúùdù nígbà èwe àwọn. Ákítọ̀ kì í kú, àwọn ló ń kú dípò rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣubú la máa ń rí ṣá, a kì í rí ojú.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ojú mi ti rí oríṣiríṣi irọ́.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú," ni mo wí. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sá wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹṣin ọdún Iléyá ń bọ̀ ní Mápó?"

"Ẹṣin yẹn ò kọ́ṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí a kì í rí ojú yín nínú fíìmù?"

Wọ́n kàn fa àkẹtẹ̀ wọn bojú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, àfi gbì! Wọ́n fi èjìká balẹ̀, wọ́n yí gbirigbiri dé ìdí kànga, wọ́n sì nà gbalaja. Mo figbe ta, mo sáré lọ bá wọn. Àkẹtẹ̀ ò kúrò lórí wọn. Wọ́n la ojú kan.

"Omi wà lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ìyàwó, ṣé o rí ojú mi bí mo ṣe ń bọ̀?"

"Rárá, ẹ̀yìn yín nìkan ni mo rí."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo padà lọ fọwọ́ pa àtẹ̀gùn náà. Ó gbẹ táútáú.